Ohùn Tí Mo Pè Ní Ìpolówó Ọṣẹ

Òótọ́ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo gbé òkèlè lé e, kò lọ. Mo mu omi lé e, omi tó pọ̀ tó láti gbé ọkọ̀ ojú omi, kò lọ. Ó di dandan kí n pọ̀ ọ́ síta wàyí, kí ẹni tó bá dúró nítòsí yáa yẹra. Èmi Wàsíù, tí ẹ ń kí ní Aṣẹ́gun Ẹ̀rọ láti Shasha títí dé Òkè-Odò, èké ni mí. N kò ṣẹ́gun ẹ̀rọ kankan. Irọ́ ni mo fi bọ́ ọ yó, nígbà tó sì bì í, mo nawọ́ sí èébì náà, mo ní kí ayé wá wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹ mọ̀ mí sí aláwàdà, ẹ gbé ẹ̀rín yín pamọ́ ná. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi láìwádìí ọ̀rọ̀ wò.

Ilé Àlájà Mọ̀dínátù ní Ìkọ̀tún ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láyé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, ọkọ ẹ̀, Alhaji olóògbé, máa ń ṣe ètò kan lórí rédíò. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń fi ohùn ara wọn kéde ẹni tó sọnù, ẹni tó kú, ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, tí àwọn Àáfáà sì ń ṣe wáàsí. Alhaji kò sọ kásẹ́ẹ̀tì kankan nù. Ìgbà tó kú, ó fi wọ́n sílẹ̀ kún yàrá dé àjà. Bí a bá fa téèpù inú wọn yọ, á yí gbogbo ayé po, èyí tó bá ṣẹ́kù a lè fi so ewúrẹ́ gbogbo Alímọ́ṣọ́ mọ́lẹ̀. Àlájà kó gbogbo ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, ó wá gbà wá síṣẹ́ láti máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. O ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, o ó gbọ́ ohùn kan tán, o ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ta ló ń sọ̀rọ̀, kí ló ń wá, ìlú wo ló ti wá. Àmì là ń pe èyí. Ohùn tí kò bá ní àmì dà bí òkú tí wọ́n sin tí kò sẹ́ni tó mọ ojú oórì ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i?

Àwọn èèyàn a sì máa wá béèrè. Ẹnìkan á dé láti Igando, á ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá òun tó ti kú. Àwọn onílẹ̀ á dé, wọ́n á ní ẹ bá wa wá ohun tí bàba wa sọ nípa ààlà oko. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí wọn á fi kú tì wọ́n lábẹ́, nítorí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ la ti ki nǹkan bọ etí. Kò sẹ́ni tó ráyè bi wọ́n pé báwo ni.

Ìyẹn ló mú kí Hamdalah gbé ẹ̀rọ wá. Ọmọ Igando tí Àlájà gbà síṣẹ́ ni, ó kàwé gboyè nípa bí a ṣe ń tọ́jú ìwé àti ohùn pamọ́ kí aráyé lè rí wọn lò. Èmi ńkọ́? Wọ́n lé mi kúrò ní ilé-ìwé girama lẹ́yìn tí mo fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú báàgì tíṣà, ọ̀pọ̀lọ́ tó tóbi bí ọmọ ajá. Hamdalah ní ẹ̀rọ náà á máa gbọ́ ohùn fúnra ẹ̀, á máa fi àmì sí èyí tó rọrùn. Èyí tí kò bá yé e, á yà á sọ́tọ̀ fún etí èèyàn. Ó ní àwa á wá bọ́ lọ́wọ́ gbígbọ́ tọ̀sán-tọ̀sán, a ó ráyè jókòó ti àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ká gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n gan-an. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù iṣẹ́ ẹ̀. Èmi kò gbà á gbọ́. Ìgbà wo ni wọ́n gbé ológbò wọlé tí wọ́n ní kí eku fọkàn balẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kan péré, ẹ̀rọ náà ti ṣe iṣẹ́ tí àwa ì bá fi Iléyá kan dé òmíràn ṣe. Ó ká mi lára. Mo sọ ọ́ lórúkọ, mo ní ọkọ Hamdalah ni. Tí mo bá wọlé, màá kí i pé, 'Ìyàwó, ọkọ wa ti jí àbí?' Á rẹ́rìn-ín, á ní, 'Ó ti jí, Bọ̀dá Wàsíù. Ó ní kí n kí yín, ó ní ẹ̀ ń hanrun lẹ́nu iṣẹ́.' Ọmọ náà mọ àwàdà gbà, ó mọ̀ ọ́n dá padà. Tó bá jẹ́ pé agbéraga ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn lónìí.

Òun náà ló tún fi mí ṣe olùkọ́ ẹ̀rọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Á wá orúkọ ẹ̀yẹ fún un ni, á máa pè é ní Eyínfúnjowó, ní Ìbàdíàrán, ní Akọ̀wé. Bó tilẹ̀ jẹ́ orí rédíò ló wà, tí ọmọ náà sọnù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní pe orúkọ. Ẹ̀rọ kò mọ àṣà yẹn. Tó bá ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí orúkọ, á yà á sọ́tọ̀. Agbo ilé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà l'Ọ́yọ̀ọ́, àwọn ìyàwó ibẹ̀ pọ̀ débi pé kí wọ́n tó ki ọmọ kan tán, òwúrọ̀ á ti dalẹ́. Hamdalah ní kò sẹ́ni tó mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó mi, pé èmi ni kí n máa gbọ́ àwọn tí ẹ̀rọ yà sọ́tọ̀, kí n sì máa tún èyí tó bá ṣì ṣe. Ó fi pọ́n mi lé. Kò mọ̀ pé ọ̀bẹ lòun ń fi lé wèrè lọ́wọ́.

Mo fi eré bẹ̀rẹ̀. Àáfáà kan ń ṣe wáàsí lórí ikú, mo ní oúnjẹ adìyẹ ló ń polówó. Ẹ̀rọ kò lè bi mí pé ṣé orí mi pé. Ohunkóhun tí mo bá sọ ló ń gbà, ó sì ń fi kọ́gbọ́n. Tó bá gbọ́ ohùn tó jọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, òun fúnra ẹ̀ á pè é ní oúnjẹ adìyẹ. Kẹ́mi tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Òun ló ní kí n pe ìkéde òkú kan ní ìpolówó ọṣẹ, mo sì pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Kẹ́mi ní ẹ̀rù ti ń ba òun, ó ní ká fi í sílẹ̀. Mo pè é ní ojo. Mo ní tí ẹ̀rọ yìí bá kógbá wọlé, á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó yí ìjókòó ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì fi mí sùn. Èmi nìkan ń bá a lọ. Mo sọ ẹkún di ọṣẹ, mo sọ àdúrà di oúnjẹ adìyẹ, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀bọ tó já wọ oko ìbẹ́pẹ.

Ọjọ́ Ajé kan ni Bàbá Tàjùdíìnì dé. Alágbàfọ̀ ni ní Ìjẹ̀gùn, ẹni àádọ́rin ọdún bọ̀ sókè. Aṣọ ọrùn ẹ̀ funfun débi pé òòrùn gan-an ì bá yá jígí dúdú kó tó wò ó. Ó jókòó, ó ní, 'Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wá mi rí.'

Hamdalah ní kó ṣàlàyé. Bàbá ní ilé ẹ̀gbọ́n òun lòun ti gbọ́njú l'Ọ́yọ̀ọ́. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò ilé dàwátì, wọ́n ní òun ló tà á. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pè é lólè lójú gbogbo agbo ilé. Ó fi ìbínú wọkọ̀ wá s'Ékòó, kò sì padà mọ́ títí irun orí ẹ̀ fi funfun. Ẹ̀gbọ́n ti kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ, tó ń jẹ́ Àbẹ̀bí, ó gbọ́ pé ó ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Báwo ni olè àgbò ṣe máa wọlé? Ó ní tí wọn ò bá kéde òun rí, a jẹ́ pé olè ni wọ́n ka òun sí títí dòní, òun á jókòó sí Ìjẹ̀gùn kí ikú wá bá òun níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kéde òun, òun á lọ fojú kan ìyàwó àwọn kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú.

Wọ́n tẹ orúkọ ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ní kó máa lọ. Hamdalah kò lé e lọ. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó fún un lómi, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Iṣẹ́ tó torí ẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá gan-an nìyẹn, mo sì ń wò ó láti orí ìjókòó mi bí ẹni ń wo ọ̀tá. Ó bi Bàbá pé kí ni wọ́n ń pè é nílé. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìyàwó àwọn kì í pe orúkọ òun, Ajíṣefínní ló ń pe òun, nítorí láti kékeré òun kì í jáde láìlọ aṣọ. Ni Hamdalah bá dìde bí ẹni tó tẹ iná. Ó wá bá mi, ó ní, 'Bọ̀dá Wàsíù, ẹ bá mi wo inú àwọn tí kò ní orúkọ. Ajíṣefínní ni kí ẹ máa tẹ́tí fún.'

Mo rí i kí Bàbá tó mumi tán. Ohùn obìnrin ni. Alhaji olóògbé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ pe orúkọ ẹni tó ń wá kí onítọ̀hún lè mọ̀. Obìnrin náà ní, 'Tó bá gbọ́ pé mo pe orúkọ òun, kò ní gbà pé èmi ni. Ajíṣefínní ni kí ẹ bá mi pè é. Ẹ sọ fún un pé àgbò ti padà wá. Ọdún ti kọjá kó tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sunkún. Kó máa bọ̀ nílé.'

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bàbá wà lójú mi. Ògiri gíláàsì kan ló là wá láàárín. Bí mo bá sín, á gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wá, mo mọ̀ pé àgbò ti dé, mo mọ̀ pé kì í ṣe olè. Ni mo bá fi ọwọ́ ara mi yìí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ọṣẹ. Mo yíjú sí Hamdalah, mo ní kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ ní ìparí oṣù, lẹ́yìn náà ni Àlájà máa pinnu bóyá kó dúró tàbí kó lọ. Mo ní tí mo bá fi irú ohùn yìí pamọ́, tí mo wá gbé e jáde lójú àlejò, ẹ̀rọ kú nìyẹn. Mo ní kí Bàbá ṣe sùúrù. Ẹni tó ti dúró láti ìgbà ọ̀dọ́, kí ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa fi ṣe é? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, mo sì lọ jẹ ẹ̀wà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo béèrè òmíràn. Ìkà kì í mú kí oúnjẹ korò, ọ̀rọ̀ yẹn ti yé mi.

Hamdalah lọ sọ fún Bàbá. Bàbá dé fìlà ẹ̀, ó ní, 'Ó dáa. Mo ti gbọ́ ìdáhùn.' Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó jáde.

Ọjọ́ àlejò pé. Yàrá kún, Àlájà wọ léèsì. Hamdalah ń ṣàlàyé, èmi dìde lẹ́yìn bí agbẹjọ́rò. Mo ní kí wọ́n ní kí ẹ̀rọ gbé ìpolówó ọṣẹ jáde fún wa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìkíní jẹ́ ọṣẹ lóòótọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn Àbẹ̀bí ló jáde, ó ní kí Ajíṣefínní máa bọ̀ nílé. Àlejò kan fa aṣọ ìnujú yọ. Mo ní, 'Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ pè ní ọṣẹ.' Hamdalah dojú kọ mí, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, 'Bọ̀dá Wàsíù, mo ní kí ẹ wò ó. Ẹ ní kò sí.' Mo ní, 'Ibi tí ọkọ ẹ ní kí n wò ni mo wò.' Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi dúńbú ẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí i wò, pé orúkọ ẹni tó fi àmì síbẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Àlájà ní òun kò fẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan sí i. Nínú gbogbo àgbààgbà tó wà níbẹ̀, tí wọ́n kàwé débi tí ìwé ń bẹ̀ wọ́n, kò sí ẹyọ kan tó ní ẹ jẹ́ ká wò ó. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn náà jù. Púrúǹtù Wàsíù ti borí kọ̀ǹpútà, kí ló kù?

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ gbé Bàbá wá láti Ìjẹ̀gùn, bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Wọ́n fi ohùn náà gbọ́ fún un. Ó di tábìlì mú. Ó ní kí wọ́n tún un gbọ́, wọ́n tún un gbọ́. Ó ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé àgbò ti dé, àgbò ti dé. Àlájà bá a wá nọ́ńbà àwọn ará ilé l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n pè. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Ó ní Ìyá Àbẹ̀bí ti ṣaláìsí, wọ́n sin ín ní Jímọ̀ tó kọjá. Ó ní títí dé ọjọ́ tó ṣáájú ikú ẹ̀, ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ọjọ́ Ajé yẹn, obìnrin náà ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, ó mọ èèyàn. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láàárín.

Àlájà lé Hamdalah lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n di ẹ̀rọ sínú páálí, wọ́n tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Èmi di Aṣẹ́gun Ẹ̀rọ, orí mi wú débi pé férémù ilẹ̀kùn ń bẹ̀rù mi. Bàbá Tàjùdíìnì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n sọnù. Ó ní òun kò ní ohun tí òun lè fi dúpẹ́ ju iṣẹ́ ọwọ́ òun lọ, kí n máa kó aṣọ mi wá, òun á máa fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí òun á fi kú. Ẹ ò sì ní gbà gbọ́ pé mo kó wọn lọ. Ó fi sítáàṣì sí wọn títí bùbá mi fi ń dúró fúnra ẹ̀. Aṣọ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹni tí mo jà lólè ni mo ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀.

Mo lọ gba aṣọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá ń lọ bùbá mi lọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, 'Wàsíù ọmọ mi, èmi ni mo pẹ́. Ká ní mo tètè wá bá yín, ẹ̀ bá ti bá mi rí i. Ojú tó ń tì mí yẹn ló jẹ́ kí ìyàwó wa kú láìrí mi.' Mo ti ń gbé ìyìn tí kì í ṣe tèmi kiri, ìyẹn kò pa mí. Ṣùgbọ́n kí Bàbá máa ru ẹ̀bi mi lórí ewú ẹ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ọṣẹ títí dé orí ẹ̀wà tí mo jẹ.

Kò bú mi. Ó lọ bùbá náà tán, apá ọ̀tún, apá òsì, ó ká a bó ṣe ń ká aṣọ gbogbo èèyàn. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, 'Ó ti gbẹ. Má kó òmíràn wá mọ́.'

Mo lọ bá Àlájà. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé, pé ìtàn yẹn ló ń mú èèyàn wá sílé òun. Ó ní òun á rán Lèmọ́mù àti alága àwọn onílé sí Bàbá kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn àgbà á ya wọlé, fìlà á kún ilẹ̀, wọ́n á máa ní nítorí tiwa, títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á fi ní òun ti gbọ́. Wọ́n á fún ìdáríjì jáde lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni fún ọsàn. N kò fẹ́ irú ẹ̀. Ẹ má bá mi bẹ Bàbá o. Ẹ fi í sílẹ̀ kó bínú bó ṣe wù ú, ìbínú ẹ̀ tọ́ sí i.

Mo wá Hamdalah lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tó ti ń bá wọn ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìfọ́tí. Ó gbọ́ mi tán, ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, 'Àwọn yòókù ńkọ́, Bọ̀dá Wàsíù? Gbogbo àwọn tí ẹ pè ní ọṣẹ, tí ẹ pè ní oúnjẹ adìyẹ, ẹ mọ ẹni tó wà nínú wọn?'

N kò mọ̀. Mo ti fi irọ́ bo ohùn mọ́lẹ̀ bí ẹni tú àpò iyanrìn sórí ìrẹsì, n kò sì rántí èyí tó jẹ́ èwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín ṣe olùkọ́ irú ẹ̀rọ báyìí, tí inú ń bí yín sí i, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lójú, kẹ́ ẹ pariwo, kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má purọ́ fún ohun tí kò lè fura. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni irọ́ náà máa bá. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni yóò bá.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, Àlájà Mọ̀dínátù ni kí ẹ lọ bẹ̀ kó gba Hamdalah padà, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí Hamdalah nìkan ló mọ bí a ó ṣe rí gbogbo àmì tí ọwọ́ mi kọ. Títí dìgbà náà, mo ń fi etí ara mi gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí mi ti gbóná débi tí a lè fi sun àgbàdo, iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lójú kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sílé Àlájà lásìkò tí ẹ̀rọ fi wà níbẹ̀, tí ẹ wá béèrè ohùn ìyá yín, tàbí ẹ̀ ń béèrè bóyá ẹnìkan wá yín rí, tí wọ́n ní kò sí, ẹ má gbà. Èmi ni mo ní kò sí. Ẹ padà wá béèrè.